Ta Ló Ṣì Ń Bójú Tó Ẹ̀rọ Yìí?

Bí ẹnì kan bá gbé kọ̀ǹpútà tàbí bóòdù wá pé kí n bá òun wò ó kí òun tó sanwó, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n pè é, n kì í sì í béèrè bó ṣe yára tó. Orúkọ processor inú rẹ̀ ni mo máa ń wá. Bí mo bá ti rí i, mo máa ń lọ wá a nínú àkójọ tí àwọn tó ń ṣe operating system máa ń gbé jáde, níbi tí wọ́n ti to irú processor tí iṣẹ́ wọn ń bá ṣiṣẹ́. Debian ní irú àkójọ bẹ́ẹ̀. NetBSD ní, Alpine náà sì ní. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fojú fò ó. Èmi tí mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Igbókòdá àti káàkiri àwọn ìlú etí omi Ìlàjẹ, ibẹ̀ ni mo ti ń mọ iye ọdún tó kù fún ẹ̀rọ kan láti lò láyé.

Ilẹ̀ wa ló kọ́ mi ní èyí. Ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó lo ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá láìrí iná ìjọba. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti ní jẹnẹrétọ̀ ìlú láyé àtijọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, òkun ti gba ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, olúkúlùkù ló sì ń wá iná tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ra epo, kó sì gbé e kọjá omi. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èbìbí ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Lítà epo tí kò tó ₦200 di ohun tó lé ní ₦480 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tiwa sì tún gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó dé Àwóyè.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Pentium 4 àtijọ́, irú èyí tó kún yàrá kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ wa, lè jẹ wóòtì 100 kí a tó ka mọ́nítọ̀ mọ́ ọn. Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lórí bóòdù kan ṣoṣo, ń jẹ nǹkan bíi wóòtì 3 sí 7. Pẹ̀lú mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ, ohun tí Pentium 4 kan ń jẹ tó láti gbé ọmọ mẹ́rin jókòó nídìí Pi. Sólà díẹ̀ àti bátìrì lè gbé èyí. Ìṣirò yìí ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ARM, irú processor tó wà nínú Pi, kiri.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ṣe ARM àkọ́kọ́ máa ń sọ fúnra wọn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní oṣù Igbe ọdún 1985, ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, chip tí Sophie Wilson àti Steve Furber ṣe fún ilé iṣẹ́ Acorn dé. Wọ́n gbé e sórí bóòdù, ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Furber fẹ́ wọn iná tó ń jẹ, míta fi òdo hàn. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọ́n wá rí i pé wáyà iná chip náà kò tilẹ̀ kan bóòdù. Iná díẹ̀ tó ń jò wọlé láti ara àwọn wáyà yòókù ló fi ń ṣiṣẹ́. Owó ló fà á tí kò fi ń jẹ iná púpọ̀: wọ́n fẹ́ fi ike bò ó dípò seramiki tó wọ́n, ike kò sì fẹ́ ooru. Wọn ò ro etí òkun Ìlàjẹ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n àwa là ń jẹ èrè rẹ̀.

Èrè náà ju ti iná lọ. Ohun tí kò gbóná kò nílò fáànù, fáànù sì ni ọ̀tá kọ̀ǹpútà ní etí òkun. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá fà wọlé ló ní iyọ̀ nínú. Bí mo bá tú kọ̀ǹpútà tó ti lo ọdún díẹ̀ ní Zion Pepe, mo máa ń rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé tó yí ẹsẹ̀ àwọn chip ká, tí ihò USB á ti dípẹtà débi pé wáyà kò ní wọlé tán. Eruku tó wà lórí irin tó ń gba ooru á ti tutù, á ti di ẹrẹ̀. Bóòdù ARM tí kò ní fáànù, a lè kì í sínú àpótí tí a sé pinpin, kí a fi àwọ̀ tó ń dènà omi kun ojú rẹ̀, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n chip tútù nìkan kò tó. Processor kọ̀ọ̀kan ní irú àṣẹ tó gbọ́. Sọ́fítíwià tí wọ́n compile fún Intel àti AMD, ARM kò gbọ́ ọ rárá, ARM àtijọ́ kò sì gbọ́ gbogbo ohun tí ARM tuntun gbọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó, kí ó mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́fítíwià, kí ó tún gbogbo wọn compile fún processor yẹn, kí ó wo èyí tó kọ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ nígbàkúùgbà tí àtúnṣe ààbò bá jáde. Nígbà tí àkójọ bá sọ pé Debian wà fún processor kan, ohun tó ń sọ nìyẹn: pé ènìyàn wà nídìí rẹ̀.

Raspberry Pi àkọ́kọ́ fi èyí hàn kedere. Ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé ọdún 2012 ló jáde, dọ́là 35. Processor rẹ̀ jẹ́ ARMv6. Debian ní ọ̀nà méjì fún ARM nígbà náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní armel lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lo apá chip tó ń yára ṣírò nọ́ńbà onídẹ́símà, nítorí náà ó ń fà. Èyí tí wọ́n ń pè ní armhf ń lò ó, ṣùgbọ́n ARMv7 ló ń béèrè. Bóòdù tí gbogbo ayé ń fẹ́ rà wá bọ́ sí àárín méjèèjì. Mike Thompson àti Peter Green ló gba iṣẹ́ náà kanrí. Thompson kó bóòdù ARM jọ sílé ara rẹ̀, wọ́n tún Debian compile láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ARMv6, wọ́n sì pè é ní Raspbian. Kò sí ìjọba kan lẹ́yìn wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó fi Pi àkọ́kọ́ kọ́ kọ̀ǹpútà lágbàáyé, orí iṣẹ́ wọn ni wọ́n jókòó sí, mo sì gbà pé ó yẹ kí a máa dárúkọ wọn.

Ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ti pọ̀ jù lọ ni àwọn bóòdù tí kì í ṣe Raspberry Pi, pàápàá àpótí tẹlifíṣọ̀n Android tí wọ́n ń tà ní Alábà àti ní Computer Village ní Ìkẹjà. Owó wọn kéré, mẹ́mórì wọn pọ̀, ó sì máa ń wu ilé ẹ̀kọ́ láti rà wọ́n. Ìṣòro wọn ni èyí. Kọ̀ǹpútà Intel ní BIOS tàbí UEFI tó ń sọ fún kernel, ọkàn operating system, ohun tó wà lára ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ bóòdù ARM kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní device tree ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ibi tí mẹ́mórì ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí USB wà, wáyà tí a gbọ́dọ̀ fún níná kí Wi-Fi tó jí. Kí device tree tó fìdí múlẹ̀, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kọ tirẹ̀ sínú kernel bó ṣe wù ú, títí Linus Torvalds, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kernel Linux, fi fìbínú sọ̀rọ̀ ní gbangba ní 2011 pé ọ̀rọ̀ ARM yìí ti sú òun. Àtúnṣe tó tẹ̀lé ìbínú yẹn ló jẹ́ kí iṣẹ́ mi ṣeé ṣe.

Bí wọ́n bá gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ wá, mo máa ń tú ìdérí rẹ̀, mo máa ń wá ojú òjé mẹ́ta tí wọ́n kọ GND, TX àti RX sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n lè má kọ nǹkan kan síbẹ̀, kí n fi míta wá a. Mo á fi òjé jó wáyà mọ́ wọn, mo á so wáyà náà mọ́ kọ̀ǹpútà mi. Bí chip bá jẹ́ Amlogic, 115200 ni iyára tó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ Rockchip, ó sábà máa ń jẹ́ 1500000. Bí a bá ṣi iyára náà, lẹ́tà játijàti ló máa kún ojú kọ̀ǹpútà. Bí a bá rí i mú, U-Boot, ètò tó ń jí bóòdù, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn: irú chip, iye mẹ́mórì, káàdì tó rí. Iye mẹ́mórì yìí nìkan máa ń tú àṣírí, nítorí gígà mẹ́rin tí wọ́n kọ sára páálí lè di méjì lójú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó kan ìlà kan tó kà pé «Starting kernel ...». Ẹ̀yìn ìlà yìí ni mo máa ń sé èémí dúró. Bí device tree bá bá bóòdù mu, ọ̀rọ̀ á ya wá bí ìgbà tí omi bá kún. Bí kò bá bá a mu, kò ní sọ ohunkóhun mọ́. Ẹ̀rọ kò kú, kò yè.

Android tó bá àpótí náà wá máa ń ṣiṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ wo kernel rẹ̀. Mo ṣì ń rí 3.10 lára wọn, èyí tó jáde ní 2013. Ilé iṣẹ́ tó ṣe chip mú kernel kan, ó fi tirẹ̀ kún un, kò sì dá a padà sínú Linux tí gbogbo ènìyàn jọ ń tọ́jú. Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ náà bá kọjú sí chip tuntun, kernel yẹn ti dọmọ òrukàn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń gba irú chip bẹ́ẹ̀ là, bí àwọn linux-sunxi tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí Allwinner lọ́dún púpọ̀, tàbí àwọn ará Armbian tí wọ́n ń kó oríṣiríṣi bóòdù sábẹ́ òrùlé kan. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ilé ẹ̀kọ́ tó bá bi mí pé kí wọ́n ra bóòdù tó lọ́ra, tí kernel gbogboogbò mọ̀, kí wọ́n fi èyí tó yára tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ nìkan mọ̀ sílẹ̀. Mo ti bá àwọn ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ jiyàn lórí èyí, n kò sì tíì rí ìdí tí màá fi yí ohùn padà.

Àwọn ètò ńlá tí ìjọba ń ṣe náà kan ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Aregbesola pín Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì Android tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò sí, tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èrò tó dára gidi ni, mo sì ń fi yangàn pé ọmọ Yorùbá ló ronú kàn án. Ohun tí mo fẹ́ kí ètò tó bá tún ń bọ̀ fi kún un ni kí ìwé àdéhùn béèrè fún kernel gbogboogbò àti device tree tó wà ní gbangba. Gbólóhùn méjì ni nínú ìwé àdéhùn, ó sì lè fún ẹ̀rọ ní ọdún púpọ̀ sí i lẹ́yìn tí ẹni tó tà á bá ti kúrò lọ́jà.

Ti àwọn tòkunbọ̀ ló ń dùn mí jù. Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé: nǹkan bíi 500 kọ̀ńténà lóṣooṣù, tí ọ̀pọ̀ ohun inú wọn kò sì ṣeé tún ṣe. Èyí tó ṣeé tún ṣe nínú wọn ló ń yí dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín wọn ni iMac àti PowerBook oní-PowerPC wà, tí Apple kéde ní 2005 pé òun ń kúrò lórí rẹ̀ bọ́ sórí Intel. Irin wọn dára, kíbọ́ọ̀dù wọn dára. Debian gbé PowerPC oní-32-bit kúrò nínú àkójọ tó ń dá lóhùn nígbà tí Debian 9 jáde ní oṣù Òkúdu 2017, nítorí ènìyàn tó ń bójú tó o kò tó mọ́. Àwọn díẹ̀ ṣì ń ṣe é lábẹ́ Debian Ports, NetBSD náà kò sì tíì jù ú sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn, mo ṣì lè sọ irú iMac bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fún akọ̀wé.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún ọdún 2025, Debian 13 jáde, ó sì kan Pentium 4 wa. I386, orúkọ tí Debian ń pe processor Intel oní-32-bit bíi tiwọn, kò ní kernel tirẹ̀ mọ́, kò sì ní ọ̀nà láti gbé e sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ó wà níbẹ̀ kìkì kí sọ́fítíwià 32-bit àtijọ́ lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà 64-bit. MIPS, irú processor mìíràn, kúrò pátápátá. Armel náà, tó gbé Pi àkọ́kọ́ fún sáà kan, ìgbà ìkẹyìn rẹ̀ nìyí. Lẹ́nu ọ̀nà kan náà ni riscv64 gbà wọlé, chip tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Berkeley ní 2010, tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìsan owó fún ẹni tó ni àwọn àṣẹ rẹ̀.

Kò sí ìkà nínú èyí. Lórí 386 ni Torvalds ti kọ Linux ní 1991, síbẹ̀ ní òpin 2012 wọ́n gbé 386 gan-an kúrò nínú kernel. Ní 2018, nínú ẹ̀dà 4.17, Arnd Bergmann, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú kernel, kó irú processor mẹ́jọ jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá ka ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é, ohun kan náà ló ń padà wá: kò sẹ́ni tó ń dán an wò mọ́, kò sẹ́ni tó ń dáhùn nígbà tí a bá béèrè, ó sì dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Àwa ń lò ó! Debian ní ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní popularity-contest, tó máa ń ka iye kọ̀ǹpútà tó ń lo nǹkan kọ̀ọ̀kan bí oníkọ̀ǹpútà bá yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà tó wà nílé ẹ̀kọ́ lórí òpó ní Mọ́lútẹ̀hìn, tí kò kan íntánẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ tí a ti gbé e débẹ̀, kò sí nínú kíkà náà. Ẹ̀rọ tó pẹ́ jù lọ lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń pinnu kò mọ̀ pé ó wà.

Ohun tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ń ṣe kò kéré. Mo ń fi Kolibri, sọ́fítíwià ẹ̀kọ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì, tí ojú rẹ̀ ṣeé kà ní Yorùbá, sórí Pi kan, mo sì ń fi Kiwix kó Wikipedia sórí káàdì rẹ̀. Àwọn ọmọ á fi fóònù òbí wọn so mọ́ Wi-Fi rẹ̀, wọ́n á sì máa kà. Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò JAMB ti di ti kọ̀ǹpútà, ọmọ tó sì ti fọwọ́ kan máòsì kó tó wọ ọkọ̀ lọ ṣe ìdánwò kì í gbọ̀n níwájú rẹ̀. Àwọn ohun kékeré ló wà tí ẹ̀kọ́ ìlú ńlá kì í sọ. Pi kò ní aago tirẹ̀ títí di Pi 5 tó jáde ní 2023, nítorí náà mo máa ń fi aago DS3231 àti bátìrì rẹ̀ kún un, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ déètì á dàrú lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí iná bá lọ. Mo máa ń ti ojú káàdì pa kí nǹkan kan má kọ sórí rẹ̀, nítorí iná tó bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ̀wé ló ń ba káàdì jẹ́ jù.

Nítorí kíkà tí a kò sí nínú rẹ̀ yẹn, mo ti sọ iṣẹ́ kan di dandan ní ṣọ́ọ̀bù. Bí bóòdù tuntun bá jí fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọṣẹ́ gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tí kernel sọ sínú fáìlì kan, kí ó kọ orúkọ chip, ẹ̀dà kernel àti ohun tí kò ṣiṣẹ́ sí i. Tí a bá ti dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe kernel, ní Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn, pé a wà ní Ìlàjẹ, pé báyìí ni ó rí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti dá wa lóhùn, wọ́n ti fi àtúnṣe ránṣẹ́ kí a dán an wò. Mo ń bẹ àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa àti gbogbo ẹni tó ń tú kọ̀ǹpútà láti Àtìjẹrẹ́ dé Àwóyè pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Kò nílò kí ènìyàn lè kọ kernel. Ohun tó nílò ni ẹ̀rọ tí àwọn tó wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kò ní mọ́, a sì ní irú wọn.

Àwọn Pentium 4 tó kù lọ́wọ́ mi, Debian 12 ni mo fi sórí wọn, èyí tí àtúnṣe ìgbà pípẹ́ rẹ̀ yóò parí ní oṣù Òkúdu 2028. A ní títí di ìgbà náà láti wá ARM tí yóò rọ́pò wọn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n wà sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye sólà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní.